Ìlera Abo Màlúù ní Àkókò Ìbímọ

Kókó ọ̀rọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìbímọ abo màlúù àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni àkókò tó léwu jù lọ fún un. Púpọ̀ nínú àìsàn tó ń kọ lu màlúù olówàrà ní àkókò yìí kì í ṣe èyí tí kòkòrò àrùn ń fà. Ara ẹran náà ni kò lè pèsè kálíṣíọ̀mù tàbí agbára tí wàrà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Màlúù tó ṣubú lẹ́yìn ìbímọ nítorí àìtó kálíṣíọ̀mù lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tètè fún un ní kálíṣíọ̀mù láti inú iṣan, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dìde lọ́jọ́ náà gan-an. Àkókò yìí kan náà ni àìsàn lè ràn láti ara ẹran sí ara ènìyàn, nípasẹ̀ ibi ọmọ, omi ìbímọ àti wàrà tí a kò sè.

Ìwé yìí wà fún òṣìṣẹ́ ìlera ẹran, fún nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, àti fún ìdílé tó ń sin màlúù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara màlúù

Oyún màlúù máa ń tó nǹkan bí 280 sí 290 ọjọ́. Ní oṣù méjì tó kẹ́yìn ni ọmọ inú rẹ̀ máa ń dàgbà jù lọ, ó sì ń gba àyè mọ́ àpòlúkù ìyá lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kò ní lè jẹun tó bí ó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Bí ìbímọ bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ tún máa ń dín kù sí i. Nígbà tó bá bímọ tán, ohun tí ara rẹ̀ ń ná a di ìlọ́po, ṣùgbọ́n ìfẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kì í padà sípò títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmú kò sì ní dúró dè é.

Ṣúgà wà nínú wàrà, láti ara glúkóòsì inú ẹ̀jẹ̀ ni ọmú sì ti ń ṣe é. Lítà wàrà kan ń gba nǹkan bí 70 gíráàmù glúkóòsì. Ènìyàn a máa rí glúkóòsì láti inú ẹ̀bà tàbí ìrẹsì tó jẹ, ṣùgbọ́n ti màlúù yàtọ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín inú àpòlúkù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ koríko náà, wọ́n a sọ ọ́ di ásíìdì oríṣiríṣi, ẹ̀dọ̀ a sì fi ọ̀kan lára wọn ṣe glúkóòsì. Nítorí náà ẹ̀dọ̀ màlúù olówàrà kì í sinmi. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀, ní àríwá Nàìjíríà àti ní Niger, koríko a gbẹ, èròjà inú rẹ̀ a sì dín kù gidigidi. Màlúù tó bá bímọ ní ìgbà náà yóò máa fi ọ̀rá ara rẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ ṣe wàrà fún ọmọ.

Ewu yìí kò dọ́gba fún gbogbo màlúù. Bunaji, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí màlúù funfun àwọn Fúlàní, Gudali ti Sókótó, N'Dama ti ìhà Guinea àti Azawak ti Niger kì í mú wàrà púpọ̀ jáde. Àìtó kálíṣíọ̀mù kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ebi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá tiwọn. Àmọ́ níbi tí a ti fi Friesian tàbí Jersey bá màlúù ilẹ̀ wa gùn kí wàrà lè pọ̀ sí i, bí ó ti rí ní àgbègbè Jos àti Zaria àti ní àyíká Dakar, àwọn ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀ máa ń jogún ọmú ńlá, wọ́n sì ń jogún àìsàn tó bá ọmú ńlá rìn pẹ̀lú. Ẹni tó ra irú màlúù bẹ́ẹ̀ tó sì ń bọ́ ọ bí ó ti ń bọ́ Bunaji rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ibà wàrà

Orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Màlúù tó ní ibà wàrà kò ní ibà rárá. Ara rẹ̀ tutù. Ìwọ̀n ooru ara màlúù tó gbádùn jẹ́ 38°C sí nǹkan bí 39.3°C, ti èyí tó ní ibà wàrà a máa sọ̀ kalẹ̀ sí 38°C tàbí kó kéré sí i, etí rẹ̀ a sì tutù bí a bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n gbọ́ “ibà”, àwọn olówó ẹran a sáré lọ ra oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wọn a gún un fún màlúù náà, wọn a sì jókòó máa retí. Ìrètí yẹn ló máa ń pa á.

Gbogbo kálíṣíọ̀mù tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ màlúù kan ní ìṣẹ́jú kan náà kò ju nǹkan bí gíráàmù 3 sí 4 lọ. Lítà 10 wàrà àkọ́fún, ìyẹn wàrà pípọ́n tó máa ń kọ́kọ́ jáde, ń kó ju gíráàmù 20 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé láàárín ọjọ́ kan, ara gbọ́dọ̀ fi kálíṣíọ̀mù tuntun rọ́pò èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kálíṣíọ̀mù pọ̀ rẹpẹtẹ nínú egungun, ṣùgbọ́n kò ṣeé bù jáde bí omi inú àmù. Ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà ní ọrùn ló ń ránṣẹ́ sí egungun, sí kíndìnrín àti sí ìfun pé kálíṣíọ̀mù ti ń dín kù, ìránṣẹ́ náà sì máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó mú èrè wá. Ní àkókò tí wọ́n ń retí rẹ̀ yìí ni iṣan ara a pàdánù agbára tó fi ń ṣiṣẹ́.

Màlúù tó ń bímọ àkọ́kọ́ kò sábà ní àìsàn yìí, nítorí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, kálíṣíọ̀mù sì ń wọlé jáde nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìbímọ kẹta lọ ni ewu ń pọ̀ sí i. Àwọn Jersey ni ó tún máa ń bá jù.

Láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn ìbímọ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, màlúù náà a máa gbọ̀n díẹ̀, a máa fà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò ní fẹ́ rìn, kò sì ní jẹun. Ìpele yìí kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ olówó ẹran kì í sì í rí i. Lẹ́yìn náà ó wólẹ̀ lórí àyà rẹ̀, ó yí orí padà sí ìhà bí ẹni tó ń sùn, ọrùn rẹ̀ a sì ká. Imú rẹ̀ a gbẹ, kì í yàgbẹ́ mọ́, àpòlúkù rẹ̀ kì í ró mọ́, inú rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní mọ ohunkóhun mọ́, ikú a sì dé láàárín wákàtí mélòó kan.

Kí a tó mọ̀ nípa kálíṣíọ̀mù, ọ̀pọ̀ màlúù tó ní ibà wàrà ni ó ń kú. Ní ọdún 1897, dókítà ẹran ará Denmark kan, Jens Schmidt, gbìyànjú láti da omi tó ní iyọ̀ áyódíìnì sínú ọmú wọn, púpọ̀ nínú wọn sì dìde. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí i pé afẹ́fẹ́ lásán tí a fẹ́ sínú ọmú pàápàá ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí rẹ̀ rọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé ẹnikẹ́ni nígbà náà: ọmú tó kún fún afẹ́fẹ́ kò lè fa wàrà mọ́, kálíṣíọ̀mù a sì dúró sínú ẹ̀jẹ̀. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí nítorí ó máa ń kó àrùn bá ọmú.

Ìtọ́jú

Kálíṣíọ̀mù borogluconate ni oògùn rẹ̀, dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ tí a ti kọ́ dáadáa ni kí ó sì fún un sínú iṣan ọrùn. Ìwọ̀n tó bójú mu jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 2 kálíṣíọ̀mù fún kìlógíráàmù 100 ara màlúù. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ èyí. Ìgò tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún màlúù Yúróòpù tó wọn kìlógíráàmù 500 tàbí 600. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ sínú iṣan màlúù tí kò ju kìlógíráàmù 300 lọ, oògùn náà lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Kí a ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò láti mọ iye gíráàmù kálíṣíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná díẹ̀ mú ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó wọ iṣan, kí ó sì máa kán lọ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ẹnì kan ní láti máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù ní gbogbo àkókò náà. Bí lílù rẹ̀ bá lọ́ra jù tàbí tí kò tò mọ́, kí a dá oògùn dúró lójú ẹsẹ̀. Àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni pé màlúù náà a gùfẹ̀, iṣan rẹ̀ a máa gbọ̀n, a tọ̀, a yàgbẹ́, imú rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Àwọn mìíràn a dìde kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lọ́rùn wọn. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó dìde tún lè ṣubú láàárín ọjọ́ méjì, nítorí náà kí olówó ẹran má fún wàrà ọmú gbẹ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ó sì máa bojú wo ẹran náà lóru.

Títí dókítà yóò fi dé, iṣẹ́ ilé ni láti gbé màlúù náà jókòó lórí àyà rẹ̀, kí a fi àpò tí a di koríko sí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí ó má baà dà sí ẹ̀gbẹ́. Kí a tẹ́ koríko sábẹ́ rẹ̀, kí a sì yí i láti ìhà kan sí èkejì ní wákàtí méjì-mẹ́ta, nítorí ẹran ẹsẹ̀ tí gbogbo ara tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ líle máa ń bàjẹ́, irú màlúù bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè dìde mọ́ bí kálíṣíọ̀mù tilẹ̀ ti tó. A kò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe àgbo, kì í ṣe epo, kì í ṣe omi. Ọ̀fun rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí a dà yóò gbà lọ.

Kì í ṣe gbogbo màlúù tó wólẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ibà wàrà ń ṣe. Ọmọ ńlá tí a fi agbára fà jáde lè ti ṣe iṣan ìbàdí léṣe. Ilé ọmọ tàbí ọmú tí kòkòrò àrùn bà jẹ́ lè mú un wólẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ sábà máa ń gbóná, ọmú rẹ̀ lè le, wàrà rẹ̀ sì lè dà bí omi. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ara kò wọ́n lọ́jà, òun ló sì ń ya èyí sọ́tọ̀ sí èyí.

Nígbà tí agbára kò bá tó

Àìsàn kejì kì í pariwo. Màlúù náà bímọ dáadáa, ó ń rìn, ó ń mu omi, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ líle bí eèrí àgbàdo, koríko gbígbẹ nìkan ló ń jẹ. Wàrà rẹ̀ dín kù, ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ sì ń jò kíákíá. Èémí rẹ̀ lè ní òórùn dídùn kan bí ti èso tó ti pọ́n jù; àwọn kan kì í gbọ́ òórùn náà rárá bí wọ́n tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn díẹ̀ a máa lá ògiri tàbí irin láìdákẹ́, wọn a sì máa rìn yí ká bí ẹni tí orí ń dà rú. Kẹtósíìsì ni orúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mọ kétóònù, nítorí ó ń wá a nínú ìtọ̀ aláìsàn àtọ̀gbẹ. Ohun kan náà ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù yìí, àmọ́ ọ̀nà tó gbà débẹ̀ yàtọ̀. Ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ, kò sí ínsúlínì tó lè mú un wọ inú ara. Ní ti màlúù, ọmú ló ti gba ṣúgà náà tán. Nínú àwọn méjèèjì, ara yíjú sí ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ sì sọ ọ̀rá náà di kétóònù. Nítorí náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bébà tí ilé ìwòsàn fi ń yẹ kétóònù wò nínú ìtọ̀ ènìyàn ṣeé lò fún ìtọ̀ màlúù, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn kétóònù inú ẹ̀jẹ̀ náà sì wúlò: láti 1.2 mílímóòlù nínú lítà kan lọ, kí a máa ṣọ́ màlúù náà; bí ó bá kọjá 3, tí kò sì jẹun, ó ti ń ṣàìsàn. Àgùntàn àti ewúrẹ́ tó lóyún ìbejì a máa ní irú àìsàn yìí, àmọ́ tiwọn máa ń dé ṣáájú ìbímọ, ó sì máa ń tètè pa wọ́n.

Dókítà ẹran lè fún màlúù náà ní glúkóòsì láti inú iṣan. Fún màlúù ńlá tó ṣì lè dúró tó sì ń gbé nǹkan mì, propylene glycol 300 mílílítà lóòjọ́ fún ọjọ́ 3 sí 5 ni a sábà ń lò, kí a máa dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ láìgbé orí rẹ̀ sókè jù.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn olówó ẹran lẹ́nu: màlúù tó sanra jù ló máa ń ní kẹtósíìsì tó burú jù. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, nígbà tí ebi dé, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ sí ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ a sì kún fún ọ̀rá dípò kó máa ṣiṣẹ́. Màlúù tó fẹ́ bímọ yẹ kó wà láàárín: kí ọwọ́ lè mọ egungun ìhà rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú má lè kà wọ́n láti òkèèrè.

Oúnjẹ ṣáájú ìbímọ

Kí a dẹ́kun fífún wàrà nígbà tí ìbímọ bá ku nǹkan bí oṣù méjì. Ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà tí a sá gbẹ lẹ́yìn ìkórè, tí a sì kó pamọ́ sórí pẹpẹ, dára ju koríko gbígbẹ inú oko lọ gan-an ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Hóró òwú àti pàǹtí ọtí bíà náà wúlò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní díẹ̀ lára oúnjẹ líle tí yóò máa jẹ lẹ́yìn ìbímọ, kí àpòlúkù rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Omi mímu kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn.

Fún màlúù olówàrà púpọ̀ tó ti bímọ rí, ọ̀rọ̀ kan tún kù. Potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ, bí kò bá sí klóráìdì tó lè bá wọn dọ́gba, ń yí ẹ̀jẹ̀ padà lọ́nà tí egungun kò fi ní gbọ́ ìpè ẹṣẹ́ ọrùn. Koríko eèsún tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ẹran pọ̀ sí máa ń ní potásíọ̀mù púpọ̀. Káún, tí àwọn darandaran fẹ́ràn láti fún màlúù wọn, jẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Iyọ̀ lásán kò ní ìṣòro yìí. Kí a dín káún àti eèsún bẹ́ẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí a sì rí i pé maginíṣíọ̀mù wà nínú iyọ̀ lílá rẹ̀, nítorí láìsí i ẹṣẹ́ ọrùn kò ní ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Ibi ọmọ, wàrà àti ìlera ènìyàn

Ibi ọmọ yẹ kó jáde láàárín wákàtí 12. Bí ó bá kọjá wákàtí 24, ó ti há. Àìtó kálíṣíọ̀mù lè fà á, oyún tó bàjẹ́ náà lè fà á. Kí a má fà á, kí a má so òkúta mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ a já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí a ń ṣọ́ ni ibà, àìjẹun àti òórùn burúkú, èyí tó ń fẹ́ dókítà.

Níbi tí oyún bá ti bàjẹ́ tàbí tí ibi ọmọ ti há, kí a ronú nípa brucellosis. Kòkòrò rẹ̀ pọ̀ nínú ibi ọmọ àti omi ìbímọ, ó sì lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré tàbí ẹyin ojú wọ ara ènìyàn. Ẹni tó bá ń gba ẹbí ẹran gbọ́dọ̀ lo ìbọ̀wọ́, kí ó fi ọṣẹ wẹ apá rẹ̀, kí ó sì ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ jìn kí ajá má hú u. Kí aboyún má sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Bí màlúù bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní imú tàbí ihò ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí ó lè jẹ́ anthrax, èyí tí a rí ní Ìpínlẹ̀ Niger ní Nàìjíríà ní ọdún 2023.

Brucellosis nínú ènìyàn máa ń jọ ibà lásán: ara gbígbóná tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn lóru, ẹ̀yìn àti oríkèé ríro, àárẹ̀ tí kì í tán. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti lo oògùn ibà àti ti taifọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè bóyá ó ń sin ẹran. Ìbéèrè méjì tó: ṣé ó ti gba ẹbí màlúù láìpẹ́ yìí, ṣé ó sì ń mu wàrà tútù tàbí nọ́nọ̀? Kíkan tí nọ́nọ̀ kan kò tó láti pa kòkòrò yìí. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń sè kó tó fi omi ewé bọmubọmu dì sàn jù, bí ó bá hó dáadáa. Fún àgbàlagbà, doxycycline 100 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 45, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ streptomycin gíráàmù 1 lóòjọ́ fún ọjọ́ 15, ni a sábà ń lò; aboyún àti ọmọ kékeré ní oògùn tiwọn. Aláìsàn tó dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yóò sábà padà wá.

Kálíṣíọ̀mù, glúkóòsì àti propylene glycol kì í ba wàrà jẹ́ fún mímu. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ń bà á jẹ́: iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí a fi da wàrà náà nù, kí a má tà á, kí a má sì fún àwọn ọmọ ilé.